Ẹmọ́ Ilé Bàbá Tíṣà ní Òkè-Sópẹ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá wọ ilé wa ní Òkè-Sópẹ́n láàárọ̀, tó sì ṣèèṣì fọwọ́ kan ọ̀rá, ìfé ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Kì í ṣe èèyàn ló ń súfèé o. Àwọn ẹmọ́ ilé Bàbá ni, ẹran kékeré tó ki pọ́pọ́, tí kò ní ìrù, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní gíní-pìgì. Ẹran náà mọ̀ pé inú ọ̀rá ni wọ́n máa ń kó ewé wá. Ní ọjọ́ kejì tí Bàbá kú, mo ń yọ búrẹ́dì nínú ọ̀rá fún àwọn tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀, ni gbogbo agbo ẹmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ ìfé lẹ́yìnkùlé. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì gbójú sókè, wọ́n ní, "Ta ló ń súfèé nílé ọ̀fọ̀?" Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín, ẹkún ló jáde. Ta ni yóò ṣàlàyé fún ẹran wọ̀nyẹn pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí nílé?

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, gbogbo ìlú sì ń pè wọ́n ní Bàbá Tíṣà. Ẹgba ọwọ́ wọn lókìkí. Àwọn bàbá ọmọlọ́mọ tí irun orí wọn ti ń funfun ṣì máa ń fi ọwọ́ pa mọ́ sẹ́yìn tí wọ́n bá pàdé Bàbá lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé Bàbá lè ní kí wọ́n na ọwọ́ wá. Yorùbá inú ìwé ni Bàbá ń sọ, ó mọ́, ó gún, wọn kì í gé e. Ìgbà tí inú bá bí wọn tàbí tí ọkàn wọn bá rọ̀ nìkan ni Ìjẹ̀bú máa ń yọ. Tí ẹ bá ti gbọ́ "éè" lẹ́nu Bàbá dípò "kò" tàbí "kì í", ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára.

Èmi ni mo gbé ọ̀dọ̀ wọn pẹ́ jù nínú gbogbo ọmọ ọmọ. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n mi ò lè bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin há mọ́ra nínú yàrá kan, mo bá ń gun ọ̀kadà lọ, mo ń gun ọ̀kadà bọ̀. Màmá, ìyàwó Bàbá, ti kú nígbà yẹn. Èmi ni mo ń se oúnjẹ, Bàbá ni wọ́n ń wá àléébù sí i.

Tìtí àbúrò mi ló fa ẹmọ́ wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn fún un ní méjì, akọ kan, abo kan. Ìyá wa ní òun ò lè bá eku gbé nínú fúláàtì, bí páálí bísíkíìtì ṣe gbé wọn dé Òkè-Sópẹ́n nìyẹn. Bàbá wo inú páálí. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò. Èmi ti ń ro ti ata nínú ọkàn mi, torí níbi tí mo mọ̀, ẹran tó bá ti wọlé, ìkòkò ni ibùsọ̀ rẹ̀. Bàbá ní, "Ẹran tó ń wo èèyàn lójú báyìí, ta ló fẹ́ pa á?"

Ilé adìẹ àtijọ́ ni Bàbá kọ́kọ́ kó wọn sí, èyí tó ní wáyà nísàlẹ̀ kí ìgbẹ́ lè máa já bọ́. Ó tẹ́ adìẹ lọ́rùn, kò tẹ́ ẹmọ́ lọ́rùn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹmọ́ rọ̀ bíi ti ọmọ tuntun, kò pẹ́ tí wáyà fi bó o. Ọjọ́ tí Bàbá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ilé adìẹ náà. Bàbá tí mi ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu wọn rí fún ọmọ aráyé kankan, wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mi ò bèèrè."

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ni ẹmọ́ ń gbé, lábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ọ̀sán ò dé, tí òjò ò sì lè fẹ́ wọ̀. Pákó tí ò ju orúnkún lọ ni Bàbá fi yí i ká, torí ẹran náà ò mọ igi gùn, kò sì mọ fífò. Wọ́n ta àwọ̀n sórí rẹ̀ nítorí ológbò. Ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu wà níbẹ̀ tí wọ́n lè sá sí, torí ojo ni ẹmọ́, ààrá tó bá sán ní Ìwopin tó jìnnà réré, ó ti dé inú ìkòkò. Lẹ́bú pákó ni Bàbá kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Ìjẹ̀bú-Igbó la wà, níbi tí sọ́ọ̀mílì ti ń da lẹ́bú pákó nù bí omi òjò. Ṣùgbọ́n lẹ́bú náà kúná jù, ẹmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sín, Bàbá tó ń tẹ́ ẹ náà ń sín. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ. Wọ́n ní ohun tó bá ń dí olùkọ́ nímú, kí wọ́n má fi kọ́ ọmọ.

Orí oúnjẹ ni èmi àti Bàbá ti jà jù. Bàbá ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ewé tútù ló ń gbé ẹmọ́ ró, èérí àgbàdo àti koríko gbígbẹ ni wọ́n ń fún wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Abo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, irun rẹ̀ ń ta, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè rìn. Bàbá wé e sínú aṣọ ìnura wọn, wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọlọ́kadà wo ohun tó wà ní àyà mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀fọ́ wo lẹ fẹ́ fi èyí sè?" Mo ní kó wo iwájú.

Dókítà yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹran yìí àti èèyàn jọra níbì kan: ara wọn ò lè dá ṣe fítámìn tó wà nínú ọsàn, àfi kí wọ́n jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ó ní kí a máa fún un ní ewé tútù àti tàtàṣé. Mo ti fẹ́ máa lọ kó tó pè mí padà. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, kápúsù tí ẹ máa ń tú sómi fún òròmọdìẹ, ẹ má fún ẹran yìí láéláé. Á pa á." Mo délé, mo sọ fún Bàbá, Bàbá sì ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bí tàtàṣé ṣe di ọ̀ràn nílé wa nìyẹn. Mo máa tọ́jú rẹ̀ de ọbẹ̀, mo máa dé ìdí agbọ̀n, n ò ní í rí nǹkan kan. Ọbẹ̀ wa di funfun. Tí mo bá kùn, Bàbá á ní, "Mọ́jí, ìwọ lè jáde lọ wá ọsàn jẹ. Tiwọn ńkọ́?" Láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fẹnu kan tíì, Bàbá á ti gbé dòjé lọ sí ẹ̀bá pápá, wọ́n á já igbálódé, ewé tí àwọn èèyàn ń fún ehoro, wọ́n á gé koríko, wọ́n á kó ewé ọ̀dùnkún lé e. Koríko kò gbọdọ̀ wọ́n, torí eyín ẹmọ́ kì í yé hù, jíjẹ ló ń fi lọ̀ ọ́ kúrú. Bàbá á máa gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí ètè wọn wò, bí wọ́n ṣe ń wo èékánná àwọn ọmọ ilé ìwé láyé àná.

Kátíkísì wa wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan, ó sì rí abo kan tó tẹ orí ba, tó gba ìgbẹ́ ara rẹ̀ lẹ́nu ìdí, tó jẹ ẹ́. Kátíkísì fò sẹ́yìn. "Bàbá! Ẹran àìmọ́ ni!" Bàbá ò tilẹ̀ dìde lórí àpótí wọn. Wọ́n ní ìgbẹ́ méjì ni ẹran náà ń yà, ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀, èyí tó rọ̀ ni ara rẹ̀ ò tíì lò tán, ìyẹn ló ń dá padà síkùn. Kátíkísì ní síbẹ̀síbẹ̀, ìríra ni. Bàbá ní, "Ìwàásù tó o ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé kì í ṣe ti èṣí ni?" Kátíkísì ò mu omi kó tó lọ.

Abo àkọ́kọ́ yẹn ni Bàbá fẹ́ràn jù, wọ́n sọ ọ́ ní Ìṣirò, torí ó mọ bí a ṣe ń sọ díẹ̀ di púpọ̀. Oyún ẹmọ́ máa ń pẹ́ ju ti eku lọ, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ọmọ rẹ̀ kì í jáde ní ìhòòhò pẹ̀lú ojú dídì. Àárọ̀ ọjọ́ tí Ìṣirò kọ́kọ́ bímọ, Bàbá wá kan ilẹ̀kùn mi, ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹnì kan ti kú ni. Mo débẹ̀, mo rí ọmọ mẹ́ta, irun lára, ojú yíyà, wọ́n ń sáré, ọ̀kan ti ń ge koríko jẹ. Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mọ́jí, wò wọ́n. Inú ìyá wọn ni wọ́n ti ka ìwé mẹ́fà." Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ abo dàgbà, tí òun àti Ìṣirò jọ bímọ lásìkò kan náà, àwọn ìyá méjèèjì da ọmọ pọ̀, èyí tó bá sún mọ́ ọmú, kó mu. Bàbá wò wọ́n títí, ojú wọn sì ṣe bákan. Wọ́n ní, "Wọn éè bèèrè ọmọ ta ni."

Mo gbọ́ "éè" yẹn. Mo mọ ibi tí ọkàn wọn lọ.

Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, Bàbá Onípákó. Pákó ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn là tí wọ́n sì ń tà. Ilé wọn kángun sí tiwa, ọgbà pákó gíga ló pín ilé méjèèjì. Àwọn náà ti sin ìyàwó, ọmọ wọn sì wà lókè òkun. Igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín nígbà kan, ìyá wọn ló gbìn ín. Kí wọ́n tó bí mi, Bàbá lọ síbi ìpàdé àwọn tíṣà, kí wọ́n tó dé, Bàbá Onípákó ti ní kí wọ́n gé igi náà. Wọ́n ní ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́ lé òrùlé àwọn. Bàbá dé, wọ́n bá kùkùté. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síra wọn lọ́jọ́ náà, ìyá mi ò fẹ́ tún un sọ. Bàbá Onípákó gbé ọgbà dìde lọ́sẹ̀ náà, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Tí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá wà, Bàbá á pè mí: "Sọ fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún pé ewúrẹ́ ti wọ oko wọn." Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọdún tuntun, Bàbá á wọ agbádá, wọ́n á gba iwájú ilé, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò ní í sọ nǹkan kan. Bàbá Onípákó á fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, àwọn náà ò ní í sọ nǹkan kan. Bàbá á dìde, wọ́n á gbọn eruku, ó tán, ó di àmọ́dún. Mo bi wọ́n pé irú ìkíni wo nìyẹn. Wọ́n ní, "Ìjà ò sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n."

Tìtí ni kò mọ̀ pé wọ́n ń jà, tàbí kó mọ̀ kó má kà á sí. Nígbà ìsinmi kan, ó rí Bàbá Onípákó tí wọ́n ń yọjú lórí ọgbà, tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ ẹmọ́, ó bá gbé abo kéékèèké méjì fún wọn. Bàbá bèèrè pé méjì dà. Tìtí ní, "Mo fún Bàbá Onípákó." Bàbá yí rédíò sókè. Wọ́n wá ní, "Ṣé o sọ fún wọn pé ó máa ń jẹ tàtàṣé?"

Tìtí ti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sọ ni ti kápúsù. Nígbà òjò, ọ̀kan nínú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ikun nímú, Bàbá Onípákó sì ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe fún òròmọdìẹ níbí: wọ́n tú kápúsù sómi. Ẹran náà bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru, ó kú. Èyí tó kù ò mu nínú omi náà, ṣùgbọ́n ó ku òun nìkan. À ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ wa. Ó máa súfèé láàárọ̀, tiwa á dáhùn, á tún súfèé. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Lọ́jọ́ kan, tiwa pè é, kò dáhùn.

Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n lọ dúró lẹ́bàá ọgbà, wọ́n padà, wọ́n tún lọ. Wọ́n pè mí: "Mọ́jí, sọ fún ẹni tó wà lọ́hùn-ún pé..." Wọ́n ní, "Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan. Lọ gbé apẹ̀rẹ̀ wá." Wọ́n dé fìlà tí wọ́n ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣirò ni wọ́n gbé sínú apẹ̀rẹ̀, Ìṣirò tí wọn kì í jẹ́ kí n gbé lásán. Wọ́n gba iwájú ilé, èmi gbé igbálódé tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀yìnkùlé la ti bá Bàbá Onípákó, wọ́n jókòó ti ẹmọ́ tó kù, ó ká jọ sí igun kan. Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ọdún tuntun. Ilẹ̀ ni wọ́n ṣì wà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran yìí éè dá gbé."

Bàbá Onípákó ò fọwọ́ kàn wọ́n léjìká lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo apẹ̀rẹ̀, wọ́n wo àbúrò wọn nílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní, "Àwa ńkọ́, Báyọ̀?"

Mo gbé ewé sílẹ̀, mo jáde. Ẹkún àgbà kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń dúró wò.

Ìṣirò dúró lọ́hùn-ún, èkejì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Onípákó kan ilé tuntun fún wọn, ó fẹ̀, ó dán. Bàbá fọwọ́ pa pákó rẹ̀ lára, wọ́n bèèrè pé igi wo nìyí. Bàbá Onípákó ní igi Yèyé ni, àgbálùmọ̀ ìyá wọn. Wọ́n ti là á láti ọdún náà, wọ́n tò ó sábẹ́ òrùlé, kò sẹ́ni tó rà á, torí wọn ò gbé e jáde fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó pa pọ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí gbogbo nǹkan tó kù: ìwàásù, ìbò, iye omi tó yẹ kó wà nínú ẹ̀bà. Mi ò gbádùn ariwo rí tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àga wọn, àwọn èèyàn ò sì yé sọ fún wa pé ikú ìrọ̀rùn ni. Ó lè rọrùn fún wọn. Kò rọrùn fún mi. Àwọn àgbà dé, wọ́n ń ṣe ìdárò pé ẹmọ́ kú, ojú òpó dí, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹmọ́ ò kú o, ẹni tó ń já ewé fún un ló lọ.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé òkú rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró lẹ́bàá sàréè. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti lọ bẹ Bàbá Onípákó pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí títí gbogbo ètò á fi parí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, a kọrin, a wọ́ tẹ̀ lé òkú, a da iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí Bàbá ní ò sí láàárín wa.

A ń padà bọ̀ ni mo rántí. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, nínú làálàá àlejò àti ìsè, kò sẹ́ni tó já ewé. Mo sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, mo mú ọ̀rá kan lórí tábìlì, mo gbọ̀n ọ́n. Ìfé kankan ò dún. Mo tún gbọ̀n ọ́n. Mo sáré gba ẹ̀yìn.

Igbálódé kún ilé ẹmọ́ bámúbámú, tàtàṣé tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ wà láàárín rẹ̀. Gbogbo wọn ń jẹ, ẹnu wọn ò ráyè ìfé. Bàbá Onípákó jókòó sórí àpótí Bàbá, dòjé wà nílẹ̀, oje koríko sì ti sọ ọwọ́ wọn di àwọ̀ ewé. Wọ́n ti yọ pákó kan lára ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn níta.

"Ẹ ti sin ín?"

"A ti sin ín, Bàbá."

Wọ́n mi orí. "Mo gbọ́ orin yín láti ibí. Wọ́n ní mi éè gbọdọ̀ dé ọ̀hún. Wọn éè ní kí n má fún ẹran rẹ̀ lóúnjẹ." Wọ́n mú ewé kan, wọ́n nà án sí ọmọ ẹmọ́ kan. "Màá kó wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Ẹran yìí éè dá gbé."

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá?"

Níwájú ilé, wọ́n ń pè mí, "Mọ́jí! Mọ́jí! Àwọn àlejò ò tíì mu omi!" Mo lọ sí ilé ìdáná, mo gbé àpótí mi jáde, mo gbé e ti tiwọn, mo jókòó. Àwọn àlejò pe orúkọ mi títí ó fi sú wọn.

Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ní kí a kan pákó yẹn padà, wọ́n ní ọgbà tó ní ihò ò dára lójú. Mo ní màá kàn án. Ibẹ̀ ni mò ń gbà láràárọ̀ pẹ̀lú dòjé Bàbá, Bàbá Onípákó á sì ti gbé àpótí méjì síta kí n tó dé.